Ṣé Kò Sí?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í tọrọ nǹkan. Bí iyọ̀ bá jìnnà sí i nídìí oúnjẹ, á jẹ tirẹ̀ ní àtẹ́.

Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn oníṣègùn ní kó wá ọmọ ìyá tó lè fún un ní ọ̀kan. Èmi nìkan ni ọmọ ìyá tó ní. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù láti Avrankou wá kí mi ní Àjàṣẹ́, nínú ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn tó fi ń bo ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mo gbé omi fún un. Ó fi kan ètè lásán, torí wọ́n ti ka omi léèwọ̀ fún un. Mo bi í bí a ti ń bi àlejò: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Mo ní kí n yà kí yín ni."

Mo mọ ohun tó gbé e wá. Ó tún wá lóṣù kejì, ó tún ní kò sí.

Nígbà kẹta, ojú rẹ̀ ti wú. Ẹ̀rù bà mí pé lọ́tẹ̀ yìí ó máa sọ ọ́. Mo gbé omi kalẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ òjò, mo ń sọ̀rọ̀ iléèwé, títí ó fi dìde. Mi ò bi í. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bá mi tún ọrùn aṣọ mi tó ká ṣe, ó ní ó dàbọ̀.

A ti sin ín báyìí. Ẹni tó bá wọlé mi, kó tó fọwọ́ kan omi ni mo ti ń bi í pé ṣé kò sí. Wọ́n á ní kò sí. Màá tún bi wọ́n.