Irin Inú Ikùn Mi àti Iyọ̀ Ìyá Àgbà

Ikọ́ ló já okùn tí wọ́n kọ́kọ́ fi rán ikùn mi. Ìfun mi ló lọ́ tí wọ́n fi là mí ní Àjàṣẹ́. Ara mi ti ń yá bọ̀ kí n tó wúkọ́, ojú ọgbẹ́ sì là. Dókítà ní okùn kò ní lè dì í mú mọ́, ó sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rán an. Lẹ́yìn náà ni mo padà sí Ifangni, tí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ibẹ̀ ń bá mi tọ́jú ọgbẹ́ náà.

Ìyá àgbà tó bí ìyá mi ló ń dáná fún mi. Wọ́n wo irin tó yọrí síta lára ikùn mi. Láti ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ò ní iyọ̀ mọ́. Ojú ń tì mí láti béèrè. Màá tọ́ ọ wò, màá sì gbé e tì.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ọgbẹ́ yìí ò fẹ́ jinná. Bó bá ń lọ báyìí, wọ́n á tún ọ là o. Ṣé ò ń jẹun?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, àǹtí."

"Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀? Ṣé ẹyẹ ni ọ́?"

Ẹ̀rù pé wọ́n á tún mi là ló la ẹnu mi. "Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ ni."

Ó pe ìyá àgbà wọlé. "Màmá, ta ló ní kí ẹ má fiyọ̀ sóúnjẹ?"

"Ta ni ìbá tún sọ fún mi? Àdá tí mo gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò iyọ̀, ṣé kò dógùn-ún tán ni? Irin wà níkùn ọmọ mi, kí n wá da iyọ̀ sí i!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó mú ṣíbí tó fi ń jẹun nínú báàgì rẹ̀, ó tì í bọ omi iyọ̀ nínú ife kan. "Irú irin yìí ló wà níkùn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé. Bó bá dógùn-ún, ẹ wá bá mi jà."

Àràárọ̀ ni ìyá àgbà ń yọ ṣíbí náà wò. Lọ́jọ́ tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n lọ dáná. Mo jẹ ọbẹ̀ ẹja tó níyọ̀, mo sì ní kí wọ́n bù sí i.

Ọgbẹ́ náà jinná. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọ irin náà, ó ń dán síbẹ̀. Ìyá àgbà gbà á sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "O ṣé o," bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì dá ṣíbí padà fún nọ́ọ̀sì.

Ìyá àgbà ní, "Kò dógùn-ún o. Ẹ bọ́ lọ́wọ́ ìjà."