Ògiri Tí Kò Lè Mí

Òórùn ẹfun tútù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, kí n tó gbójú sókè rárá. Àwọn obìnrin ìjọ wa tí a jọ rìnrìn-àjò àdúrà lọ sí Ítálì ń ya fọ́tò, wọ́n ń pariwo "Jésù!" sí àjà aláwọ̀ aró tí wọ́n fi ìràwọ̀ wúrà sí, àti sí àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n yà sára ògiri láti òkè délẹ̀. Èmi di àga mú. Mo mọ òórùn yẹn. Mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà. Àwòrán rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn bàbá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bíríkìlà tí ilé wọn kọjú sí tiwa nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Agùdà ni wọ́n, ìran àwọn tó ti Bràsíl padà wá sí Èkó. Bàbá tó bí wọn ló kọ́ ilé náà: amọ̀ ni inú ògiri, ẹfun ni ó fi rẹ́ ẹ lóde, ó sì fi ọwọ́ mọ òdòdó yí ojú fèrèsé ká. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo máa ń jókòó sí. Wọ́n á sun ìkarahun inú ọ̀sà títí yóò fi funfun, wọ́n á dà á sínú omi, á máa hó yàà láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

"Jẹ́ kó sùn, ọmọ mi," ni wọ́n máa ń sọ tí mo bá ń yọjú sí i. "Ẹfun tí kò bá sùn dáadáa, ara ògiri ló máa ti jí."

Màmá, ìyàwó wọn, a máa se fréjọ̀n ní gbogbo Gúdù Fúráìdè. Òórùn ẹ̀wà àti àgbọn á bo òórùn ẹfun mọ́lẹ̀, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí àdúgbò á sì gba abọ́ tirẹ̀.

Fadá kan ló fún Bàbá ní kàlẹ́ńdà yẹn. Ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, wọn ò yọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wò ó. "Wo bó ṣe ń dán," ni wọ́n ń sọ. "Sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Òyìnbó ò fi ẹfun ṣeré mọ́." Nígbà yẹn, gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ló ti ń gbé sìmẹ́ǹtì wọ̀, ojú sì ń ti Bàbá pé ilé bíríkìlà ló kù sẹ́yìn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, mọ̀lẹ́bí wọn ra sìmẹ́ǹtì wá fún iṣẹ́ ilé náà. Bàbá gbé irin ìrẹ́lé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹfun bàbá wọn dànù, òdòdó ń já bọ́. Mo ṣa ẹyọ kan pamọ́.

"Ilé ò bẹ̀ yín láṣọ tuntun," ni Màmá wí.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe nǹkan tó dáa kan fún yín kí n tó kú," ni Bàbá dá wọn lóhùn.

Ojú mi ló ṣe. Wọ́n bu sìmẹ́ǹtì bí ẹni ń bu gààrí fún ọmọ tébi ń pa, iyanrìn tí wọ́n fi sí i ò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n parí, àwọn èèyàn wá láti Ìdúmọ̀tà wá wo òdòdó tuntun tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ.

Òjò ọdún kejì ni ìsàlẹ̀ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Màmá ní iyàrá àwọn ń rùn bíi sàréè. Kí ni Bàbá ṣe? Wọ́n tún po sìmẹ́ǹtì lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Màmá ti Máàsì dé, wọ́n sùn lọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. A gbọ́ gbìì. Eruku kankan ò sọ, nítorí amọ̀ inú ògiri ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Sìmẹ́ǹtì wó lulẹ̀ lódindi tòun ti òdòdó ara rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wú Màmá jáde. Wọn ò mí mọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Iyanrìn ni bàbá yìí pò. Ó ti ta sìmẹ́ǹtì tí mọ̀lẹ́bí rà." Ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo gbà á gbọ́. Ó kó lọ sí ẹ̀yìn ọjà Jankara, "ọkùnrin yẹn" ló sì ń pe Bàbá láti ọjọ́ náà. Bàbá ò fọwọ́ kan irin ìrẹ́lé mọ́. Nígbà kan, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì wọn.

"O wà níbẹ̀. Ṣé iyanrìn ló pọ̀?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló wá pa á?"

Kí ni ọmọdé mọ̀? Wọ́n kú kí ọdún náà tó parí, ọmọ wọn ò sì wá síbi ìsìnkú.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ítálì, ọkùnrin méjì wà lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sókè lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń fi ẹfun dí ibi tó sán. Mo bi obìnrin tó ń mú wa káàkiri bóyá sìmẹ́ǹtì kọ́ ni. Ó mi orí bí ẹni tí mo dárúkọ májèlé fún. Ó ní ògiri àtijọ́ ń mu omi láti ilẹ̀, ẹfun ń jẹ́ kó mí in jáde. Sìmẹ́ǹtì á sé e mọ́nú, ògiri á sì jẹrà. Ó ní bí sìmẹ́ǹtì bá ṣe lágbára tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Mo jókòó, mo sunkún. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi, wọ́n ń bá mi ṣe àmín.

Nígbà tí mo dé Èkó, mo lọ bá ọmọ wọn ní Jankara. Ó ti darúgbó, aṣọ ló ń tà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé Bàbá ò jalè, pé sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ ló sé omi mọ́nú ògiri, mo sì gbé òdòdó ẹfun tí mo ṣà lọ́jọ́sí lé e lọ́wọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò pa á, ìyẹ̀fun funfun ń kù sórí aṣọ ọjà rẹ̀.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé, ká ní bàbá mi jalè lóòótọ́, ìyá mi ì bá má kú?"

Láti ìgbà tí Màmá ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó pe Bàbá ní bàbá òun. Mo ti rí èsì fún ohun tí Bàbá bi mí, ṣùgbọ́n wọn ò sí láyé mọ́ láti gbọ́ ọ. Ìbéèrè tí ọmọ wọn fi dá mi lóhùn ni mò ń gbé kiri báyìí, mi ò sì mọ Ítálì tí mo tún máa lọ kí n tó rí èsì rẹ̀.