Ọ̀rọ̀ Dókítà Tí Mo Bu Omi Là

Mo gbọ́ ohun tí dókítà yẹn sọ dáadáa. Mi ò ní sọ pé òyìnbó ló ta kókó sí mi létí. Èmi ni mo bu omi là á kí n tó gbé e fún ìyá arúgbó náà.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ orí fóònù ni mò ń ṣe nígbà náà ní Òmù-Àrán. Bí ọsibítù kan ní London bá ní aláìsàn tí kò gbọ́ òyìnbó, wọn kì í wá ògbufọ̀ nítòsí. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún, ìyẹn gbé e fún ti Èkó, Èkó sì gbé e fún ọ̀gá wa, torí pé àwa la gba owó tó kéré jù. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, àmọ́ bí mo bá ti ki ẹ̀rọ fóònù bọ etí tán, ó ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni dókítà. Òfin kan ni ọ̀gá fún wa: ohun tí o bá gbọ́ ni kí o sọ, má fi kún un, má yọ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìpè ìyá náà fún mi. Ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, òun nìkan ló wà lọ́dọ̀ dókítà. Bí mo ṣe kí i, ó ní ohùn mi jọ ti Ìgbómìnà, ọmọ ibo ni mí? Kò yẹ kí n dáhùn, mo sì dáhùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọmọ Rore lòun, ọmọ títọ́ ló gbé òun dé London, àbúrò òun obìnrin sì ti tún yàrá òun ṣe nílé, ó ń retí òun. Dókítà já lu ọ̀rọ̀ wa. Ó ní àìsàn náà kò gbóògùn mọ́, àti pé bí ìyá bá fẹ́ lọ sílé, kó tètè lọ nísinsìnyí tó ṣì lè wọ ọkọ̀ òfurufú.

Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń sọ irú èyí lójú àgbà? Ọmọ aláìsàn là ń fà sí kọ̀rọ̀. Mi ò rí ọmọ tí mo lè fà.

Mo ní, “Ìyá, wọ́n ní àìsàn yìí ń fẹ́ sùúrù. Ẹ máa lo oògùn yín.”

Ó ní, “Ọkọ mi, ṣé kí n ṣì sinmi níbí ná, àbí kí n máa bọ̀ nílé?”

Dókítà ló yẹ kí n bi. Mo ní, “Ẹ sinmi ná, Ìyá. Ilé ò ní sá lọ.”

Dókítà béèrè ohun tí ìyá sọ. Mo ní ó dúpẹ́ ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ní òun ń lọ síbi àdúrà ìyá kan ní Rore, tó kú sí London, tí wọ́n sin sọ́hùn-ún. Mo bá a lọ. Àbúrò olóògbé jókòó sórí ẹní, ó ń sọ fún àwọn tó wá kí i pé òun bẹ ẹ̀gbọ́n òun títí kó máa bọ̀. “Ó ní òun ń sinmi. Ṣé ilé bàbá wa ò ṣeé sinmi sí ni? Ó ti kọ̀ mí sílẹ̀, ẹ má tàn mí.”

Wọ́n ṣàdúrà, mo ṣe àmín. Wọ́n pín sààráà, mo jẹ ẹ́. 

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí. Mo máa ń gba iwájú ilé wọn ní Rore kọjá bí mo bá ń lọ sí oko, àbúrò olóògbé náà á ní kí n máa rọra o, mo sì máa ń dúpẹ́. Gbèsè gbólóhùn kan ni mo jẹ ẹ́: ẹ̀gbọ́n yín ò kọ̀ yín sílẹ̀, èmi ni mo ní kó dúró. Mi ò tíì sọ ọ́.