Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ka Ọmọ

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni a wọ ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ kan, nígbà tí ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ku ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wa ọkọ̀. Èmi tẹ̀lé wọn nítorí pé n kò níṣẹ́: mo kàwé gboyè nípa òkúta àti ilẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún náà àwọn iléeṣẹ́ epo ní Houston ń dá òṣìṣẹ́ dúró ni. Ẹnìkẹta wa ni ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kejì, tó wà láàárín àwa méjèèjì, tó sì kú ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló dé, a sì fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì sunkún lójú mi. Èmi náà kò tíì sunkún.

Ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà kéré, ojú irin là á sí méjì, ó sì fara ti Houston tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń wakọ̀ kì í mọ ìgbà tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kó wá síbẹ̀ láti Sharpstown, àdúgbò kan ní Houston, nítorí ilé-ẹ̀kọ́.

Akọ̀wé ọ́fíìsì jẹ́ màmá àgbàlagbà kan, aláwọ̀ dúdú, ọmọ ìlú náà. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan kò gbọdọ̀ wọ ilé tí a jókòó sí yìí. Òdìkejì ojú irin ni ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn wà, níbi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀sì sí báyìí. Mo ti rí ibẹ̀ bí a ṣe ń bọ̀: ilé kan wà láàárín àwọn bọ́ọ̀sì, fèrèsé rẹ̀ ga bíi ti kíláàsì. Ju ìyẹn lọ, n kò lè jẹ́rìí.

"Ọmọ mélòó lẹ ní?" ni màmá náà bi ẹ̀gbọ́n mi.

"A dúpẹ́. Wọ́n pọ̀."

"Ọmọkùnrin méjì péré ni mo mọ̀ níbí. Àbí ẹ ń fi ìyókù pamọ́ fún agbowó-orí ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ pàápàá kì í ka tirẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n fi Yorùbá sọ pé, "Bá mi sọ fún wọn pé Ọlọ́run ló mọye wọn. Ìwọ lo lọ yunifásítì."

"Sista mi, wọn ò ní kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Kí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà!"

Mo sọ ọ́. Màmá náà mi orí. Wọ́n ní ọmọ inú ilé nìkan ni àwọn ń gbà, àwọn kì í gba ọmọ àlejò. Bí ọmọbìnrin yìí bá jẹ́ tiwa, kí a kà á mọ́ àwọn yòókù. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a máa mú un lọ.

Ọmọ náà ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mẹ́ta ni wọ́n," ni wọ́n wí. "Èyí ni àkọ́kọ́." Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó dárúkọ àwọn ọmọkùnrin méjèèjì tí wọ́n bí.

Màmá náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ti kà wọ́n o. Kí Ọlọ́run dá wọn sí." Mo ṣe àmín. N kò mọ̀ bóyá ọmọ náà gba ohun tó gbọ́ gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà tí bọ́ọ̀sì dé. Àwọn ọmọkùnrin sáré síwájú.

"Ẹ dúró níbẹ̀!" ni ìyá wọn kígbe. "Ẹ̀gbọ́n yín ni yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀."

Wọ́n yà fún un. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bọ́ọ̀sì náà dé ojú irin, ó dúró, ó ṣí ilẹ̀kùn láti fetí sí bóyá ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, bí òfin ṣe ní kó ṣe, ó pa á dé, ó sì kọjá.