Láwàní tó kúrò lórí

Àlàájì, àbúrò bàbá mi, já bọ́ lórí lọ́rì ẹ̀pà ní Sókótó. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè yunifásítì dé ní kí wọ́n gbé e dìde kó rìn díẹ̀. Dírẹ́sà kan, òṣìṣẹ́ ọsibítù tó ń di ojú egbò, wà nítòsí, ó kọ̀. Ó ní egungun ìbàdí ló ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú. Ó ní ká fi aṣọ di ìbàdí náà pinpin. Ó nawọ́ sí láwàní tó wà lórí Àlàájì.

“Mẹ́kà ni mo ti rà á,” ni Àlàájì wí. “Orí ló wà fún.”

“Bàbá, tí ìdí bá bàjẹ́, orí ò ní wé láwàní mọ́,” ni dírẹ́sà fèsì.

Ó gbà. Wọ́n dì í, wọ́n gbé e sórí ilẹ̀kùn lọ sí ọsibítù, ó sì yè. Ó ń sọ fún àlejò pé ìbùkún Mẹ́kà ló wo òun sàn. Kì í dárúkọ dírẹ́sà. Mo dúpẹ́ pé kì í dárúkọ èmi náà.