Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta fún Ọmọ Tó Ti Wọ Yunifásítì

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti gba kámú. Bí ẹnì kan bá jókòó tì mí tó ní odindi ìjọ kan ní Houston gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ọmọ òun torí pé ilé-ìwé kò gbà á, tí lẹ́tà ìgbaniwọlé ọmọ náà sì ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ láti oṣù kẹta, màá ní kó lọ wá ẹlòmíì tàn jẹ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Èmi ni bàbá ọmọ náà, èmi náà ni mo sì dá gbogbo ọ̀ràn náà sílẹ̀.

Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Nílé wa ní Ìbàdàn, a kì í sọ nǹkan jáde títí yóò fi bọ́ síni lọ́wọ́. Màmá mi ló fi kọ́ wa. Nígbà tí mo fẹ́ wá sí Amẹ́ríkà, Kàdúná ni gbogbo àdúgbò mọ̀ pé mò ń lọ. Àbúrò mi ọkùnrin, tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, bá mi gbé àpótí dé ìdí ọkọ̀, ó ní kí n bá òun ra bàtà bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo pè é láti Houston. Títí di òní, tó bá fẹ́ bá mi jà, bàtà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Mo gbé ìwà náà wá síbí, mo sì tún fi kún un. Nígbà tí a ra ilé ní Katy, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston, oṣù mẹ́wàá la fi pa á mọ́. Àwọn èèyàn wa ṣì ń lọ kí wa ní àpátímẹ́ǹtì àtijọ́. Ará Mẹ́síkò tó gba ibẹ̀ lẹ́yìn wa ti mọ "ẹ káàbọ̀" sọ dáadáa kí a tó jẹ́wọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, obìnrin, ni ọmọ tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó sì jáde ilé-ìwé girama lọ́dún yìí. Èmi jẹ́ apòògùn, ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí náà gbogbo ayé rò pé oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ni yóò bá wa gbé. Òkun ló yàn. Yunifásítì kan gbà á ní ìlú kékeré kan létí òkun ní California, láti kọ́ nípa omi òkun àti ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Ilé-ìwé yìí ní ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, wọ́n sì máa ń mú ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó lè mú un, ó gbọ́dọ̀ gba mẹ́rin nínú ìdánwò AP ti kẹ́mísírì, ìdánwò ìpele yunifásítì tí àwọn ọmọ girama ń ṣe níbí. Márùn-ún ni òpin rẹ̀, oṣù keje ni èsì sì ń jáde. Ó tẹ fọ́tò ọkọ̀ náà jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ohun tó fẹ́ láyé kò ju ìyẹn lọ.

Màmá mi, tí wọ́n wá bá wa lo ìsinmi láti Ìbàdàn, wo fọ́tò náà títí. Wọ́n ní, "Ṣé ẹja ni yóò wá máa tọ́jú ni?"

Ìyàwó mi ní kò burú, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni òun ń fẹ́ kí òun tó fọwọ́ sí i. Èkíní, kó gba mẹ́rin yẹn, torí òun kò ní rán ọmọ rin ìrìn ọjọ́ méjì lórí ilẹ̀ fún ohun tó lè kọ́ ní tòsí ilé. Èkejì, kí a rí ẹnì kan tó jẹ́ ẹni wa ní ìlú náà, ẹni tó lè lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ náà bí ara rẹ̀ kò bá yá. Òun ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń dá nìkan gbé wá sílé ìwòsàn láìsí ẹni tí yóò bá wọn gbé bàtà dání. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, a jẹ́ pé ilé-ìwé ìtòsí ni.

Ọ̀rọ̀ gidi lèyí, mi ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń wá ojúlùmọ̀ ní ìlú kan, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ń béèrè? Mo bi èèyàn bíi mẹ́fà bóyá wọ́n mọ ẹnì kan ní California. Wọ́n bi mí pé ní apá ibo. Mo ní ibikíbi. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹfà, ìjọ wa pe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé síwájú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n á wọ aṣọ ìgboyè wọn, pásítọ̀ á na máìkì sí wọn, oníkálukú á sọ yunifásítì tó ń lọ àti ohun tó fẹ́ kọ́, ìjọ á pàtẹ́wọ́. Lórí òpópónà márosẹ̀ la wà nígbà tí mo kìlọ̀ fún ọmọ mi pé kó má dárúkọ ilé-ìwé kankan, èsì kò tíì jáde. Ó ní ṣé kí òun wá purọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní rárá o, kó sáà sọ pé òun ń dúró de Ọlọ́run, ta ni kì í dúró de Ọlọ́run? Ìyàwó mi yíjú sí fèrèsé. Bó bá ti yíjú sí fèrèsé báyẹn, èmi ni mo jẹ̀bi, àfi pé ó máa ń pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Máìkì wá kàn án. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ti ní òun ń lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ariwo ayọ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ mi gba máìkì, ó wò mí lójú, ẹ̀rín kan wà létí ẹnu rẹ̀ tí mo mọ̀ dáadáa torí ìdílé mi ló ti mú un. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó rí bí ẹni tó ń jẹ gọ́ọ̀mù sọ pé, "Mo ń dúró de Ọlọ́run."

Pásítọ̀ ní kò burú, ilé-ìwé wo ló kọ̀wé sí? Ó ní òun ń dúró de Ọlọ́run. Kí ló fẹ́ kọ́? Ó ní ohun tí Ọlọ́run bá sọ. Ó dá máìkì padà.

Lẹ́yìn náà ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn, gbogbo ìjọ sì bá a mí. Nígbà tí a máa fi jáde, àwọn obìnrin ti yí ìyàwó mi ká bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàwé láti Èkó ní òun yóò máa wá kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, kó má rẹ̀wẹ̀sì. Ẹlòmíì fún mi ní ìwé pélébé nípa ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni wa mótò akẹ́rù. Ìyá Ìjọ, obìnrin àgbà tí ẹnikẹ́ni kì í já lẹ́nu, di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n má ṣe bú ọmọ, kí n má sì lù ú. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Ọjọ́rú sí Ọjọ́ Ẹtì, fún ọmọ wa tí ilé-ìwé kò gbà.

Àsìkò tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni.

Èmi náà gbààwẹ̀ ọ̀hún. Ṣé mo lè sọ pé mi ò gbà á ni? Lọ́jọ́ kejì, mo dé láti ibi iṣẹ́, ojú mi ti wọ inú, mo bá ọmọ mi tó ń jẹ ìrẹsì àti dòdò. Mo ní ṣé ojú kò tì í. Ó ní, "Daddy, èmi ti wọlé. Ẹ̀yin lẹ ò tíì wọlé."

Nígbà tí oṣù keje dé, a gba ilé kan sí etí òkun ní Galveston fún ọjọ́ márùn-ún, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màmá mi ń fi ìró wọn tẹ́ iyanrìn, wọ́n ń sọ fún ìgbì omi pé kó rọra. Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni èsì yóò jáde. Mo ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ń rìn káàkiri ilé ìdáná. Ọmọ mi jí nígbà tó wù ú, ó mu tíì, ó mú fóònù rẹ̀ jáde sí etí òkun. Ó pẹ́. Nígbà tó wọlé, mo bi í pé báwo.

Ó ní, "Mo ń dúró de Ọlọ́run, Daddy."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sán mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo wo ojú rẹ̀ títí, kò yàtọ̀ sí ti àná. Mo ní kí ìyá rẹ̀ bi í, ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ òun kò sí nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo rí ọmọ mi àti màmá mi lábẹ́ agbòjò kan, wọ́n forí kan orí, màmá mi ń rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ó ti sọ fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn. Mo ní, "Màmá, ọmọ tèmi ni o."

Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ náà nìyí?" Lẹ́yìn náà wọ́n mú ohùn wálẹ̀. "Àgbàlá tí mo ti tọ́ ọ, ìdílé mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, bí mo bá se ọbẹ̀, wọ́n ti mọ iye ẹran. Mo gbọ́dọ̀ pa nǹkan mọ́. Mo ti lo oṣù méjì ní ilé rẹ, mi ò tíì rí ojú ẹni tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ta lò ń sá fún?"

Lórí oúnjẹ alẹ́, mo sọ fún ọmọ mi pé mo ti túúbá, ohun tó bá fẹ́ ni màá ṣe. Kò tiẹ̀ ronú rẹ̀, ó ti múra sílẹ̀. Ó ní kí n bọ́ síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n sọ ilé-ìwé rẹ̀, kí n dárúkọ ìlú náà, kí n sì sọ ẹni tó ní kó pa á mọ́. Ó ní, "Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Daddy, bíi pé mo ń ṣàìsàn." Ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí wá, mo sì rò pé eré la jọ ń ṣe.

Mo ní màá ṣe é. Ó yí fóònù rẹ̀ sí mi. Mẹ́rin ni, kò lé, kò dín. Ìyàwó mi fi aṣọ ìnuwọ́ bojú, ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó máa fi nu ojú tán, ó ti di nọ́ọ̀sì padà: ó ku ẹnì kan tí yóò kan ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà ẹ̀rí, mo bọ́ síwájú. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ọkọ̀ ojú omi, mo sọ ti mẹ́rin, mo sì dárúkọ ìlú náà sókè nínú máìkì. Ẹ má bínú, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ìwà náà kò tíì tán lára mi pátápátá. Mo ní èmi ni mo ní kí ọmọ pa á mọ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fi ebi pa ara rẹ̀.

Ìyá Ìjọ dìde. Wọ́n ní, "Ìwọ náà gbààwẹ̀ yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

"O gbà á pé?"

Mo ní mo gbà á pé, mà.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó kéré tán, ebi pa ọ́." Wọ́n jókòó. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ sì lọ gbé ọmọ mi sókè. Mo rí i lókè orí gbogbo wọn, ó ń pariwo pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ òun kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, a ò tíì rí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi ṣí lẹ́tà ilé-ìwé ìtòsí tó tún gbà á, ó gbé e sórí tábìlì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ń wọ bàtà iṣẹ́ nígbà tí fóònù dún. Bàbá àgbà kan ni, tí wọ́n ń bójú tó ibi tí a ń gbé mótò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò gbọ́ ju "ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀" lẹ́nu wọn rí. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Wọ́n ní àbúrò àwọn tó jẹ́ obìnrin ti ń gbé ní ìlú tí mo dárúkọ láti ogún ọdún. Àwọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, wọ́n ní ẹ mọ bí ayé ṣe rí. Bí mo bá ti béèrè láti oṣù kẹta, àwọn ìbá ti sọ. Wọ́n tún ní, bóyá.

Lẹ́yìn náà wọ́n so ìpè wa pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ohùn obìnrin kan jáde, ohùn Ìbàdàn tí California kò rí nǹkan kan ṣe fún. Kò kí mi ju ìkíni kan lọ, ó ní ọjọ́ wo lọmọ òun ń bọ̀, ṣé ó ń jẹ ata? Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti já fóònù gbà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń béèrè bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń rí. Ọmọ mi sáré jáde ní yàrá, ó jókòó tì í, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì rí fóònù mi gbà títí mo fi dé lálẹ́.