Idán Akéwì Tonton

Bí dáìsì lúdò bá ti ń ró lọ́wọ́ ẹnìkan, ayálégbé wa ní Dar es Salam, àdúgbò kan ní Niamey, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Tonton là ń pè é, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe àbúrò bàbá tàbí ti ìyá. Ó kọ́ èmi àti àwọn àbúrò mi ní eré kan tó fúnra rẹ̀ ṣe, tá a ń fi dáìsì lúdò ta: ẹnìkan á di jagunjagun, ẹnìkan á di ọdẹ, ẹnìkan á di akéwì, kálukú pẹ̀lú idán tirẹ̀.

"Idán méjì ò gbọdọ̀ jọra," ló máa ń wí.

Bí ọdẹ bá sọ̀rọ̀, idán rẹ̀ bà jẹ́. Akéwì ní tirẹ̀ á ki ẹni tó bá ṣubú, onítọ̀hún á sì dìde.

Ti akéwì yìí ló rú mi lójú. Niamey ni wọ́n bí wa sí. Ta ló mọ oríkì nínú wa? Tonton lọ bi màmá wa, ó kọ́ tiwa sórí, ó sì ń ṣe akéwì fúnra rẹ̀. Bí mo bá ṣubú, á ní, "Àkànní, dìde!" Orí mi á sì wú.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ó ní kí èmi ṣe akéwì. Òun gba jagunjagun, ó sì ṣubú.

"Ó yá, kì mí."

"Tonton, ẹ dìde!"

"Ìyẹn kì í ṣe oríkì."

A wo ara wa. Kò sí ẹni tó bi í léèrè oríkì tirẹ̀ rí nínú wa.

"Kí ni oríkì yín?"

Ó mi dáìsì ọwọ́ rẹ̀ títí. "Àkànní, ẹni tó ti ṣubú kì í dáhùn."

Ó ti kó lọ báyìí, màmá wa pàápàá ò mọ oríkì rẹ̀. Àwa ló ṣe idán akéwì yẹn fún ni, àbí ara rẹ̀?